Ife Bàbá Kò Dún Mọ́

Ọmọbìnrin náà di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó gbé ife onígíláàsì kan sẹ́bàá etí, ó fi èékánná ta á lẹ́nu, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún. Bí Káfíńtà ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, lówùúrọ̀ tó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gba inú àwọn ife tó wà lórí pẹpẹ kọjá, ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ń ṣeré lára ògiri àti lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà. Ọkùnrin náà gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Pẹpẹ tuntun ni wọ́n ní kó wá kàn. Nígbà tí kò mọ ohun tí ì bá sọ, ó ṣe ohun tí káfíńtà tí ọkàn rẹ̀ dàrú máa ń ṣe: ó mú ìṣó, ó gbé e ti ògiri, ó sì na òòlù sókè.

“Ẹ dúró! Ẹ má kàn án!”

Òòlù dúró lófuurufú. Ọmọbìnrin náà ti lajú, ó sì ti na apá méjèèjì bo àwọn ife orí pẹpẹ àtijọ́ bí àgbébọ̀ adìyẹ tí ń ràdọ̀ bo ọmọ.

“Ẹ fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri tí ife gbára lé? Wọ́n á ti sán kí ẹ tó mú ìṣó kejì.”

“Ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ̀ ń sùn ni.”

“Ta ló ń sùn lóòró?”

“Ẹni tó dijú, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Àbí ife yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ ìfẹ́?”

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí ni, àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà, ẹni tó ni ọjà. “Káfíńtà, o ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni? Ìyàwó Ife ni gbogbo àdúgbò ń pè é!”

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é lóòótọ́. Bí ọkùnrin bá wá bá a sọ̀rọ̀, á máa dáhùn “ẹn-ẹ̀n, ẹn-ẹ̀n,” ṣùgbọ́n ife ni á máa ta lẹ́nu, ohùn ife ni á máa gbọ́. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn yòókù ní orí rẹ̀ kò pé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀. Káfíńtà béèrè.

Ìyàwó Ife wò ó fínnífínní bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó gbé ife méjì síwájú rẹ̀. “Ẹ ta èyí.”

Ó ta á. *Tín-ín.*

“Ó yá, ẹ ta èyí náà.”

*Kọ̀.*

“Kí lẹ gbọ́?”

Káfíńtà ronú. “Àkọ́kọ́ ń kọrin. Ọ̀fìnkìn ń ṣe èkejì.”

Ìyàwó Ife rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé ife sílẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ báyẹn fún un rí. “Èyí tí ọ̀fìnkìn ń ṣe yẹn ti sán níbi tí ojú ò tó. Téèyàn bá da omi gbígbóná sí i, ó lè là mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ta ife kankan láìgbọ́ ohùn rẹ̀.”

Iṣẹ́ tí kò ju ti ọ̀sán kan lọ, Káfíńtà ń ṣe é bí ẹni tí ń kọ́ ilé alájà. Lónìí, á ní òun wá wo ìṣó. Lọ́la, á ní pẹpẹ náà wọ́ díẹ̀. Àǹtí fara dà á títí, ẹnu rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Pẹpẹ wo ló wọ́? Ọkàn ẹ ló wọ́! Jókòó kó o sọ tẹnu ẹ, jẹ́ ká rímú mí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí.”

Ó jókòó lóòótọ́. Bó ṣe jókòó ló di ẹni tó ń bá a nu ife. Ìyàwó Ife kọ́ ọ pé a kì í ki ife bọnú ara wọn, torí bí wọ́n bá lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fagbára yọ wọ́n lè gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọ́ ọ pé ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi tútù, a kì í da omi híhó sí i. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń kọ́kọ́ ṣàn án, a óò sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ kí tíì tó wọlé. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá sì ti kán, bó ti wù kó kéré mọ, ètè kan kò gbọ́dọ̀ tún kàn án. Káfíńtà lọ ń sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn yẹn sì ń bojú wo ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni ti kó sí i.

“Ẹyinjú mi,” ló sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tòun ti aṣọ ìnufe léjìká, “ṣé Ìyàwó Ife lè fi ife sílẹ̀, kó fẹ́ káfíńtà?”

“Mi ò lè fi ife sílẹ̀.” Ó wo bí ojú ọkùnrin náà ṣe rẹ̀wẹ̀sì. “Ṣùgbọ́n ààyè ṣì wà lórí pẹpẹ.”

Ó ku Màmá.

Aránṣọ ni ìyá Káfíńtà, opó ni. Òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí ló kù nínú ilé náà, Káfíńtà kò sì jẹ́ ṣe ohunkóhun tí ìyá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí. Máṣínì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, òwú oríṣiríṣi so rọ̀ lára ògiri, téèpù ìwọnṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Káfíńtà mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí i. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Káàbọ̀, jókòó. Mo ti fojú wọ̀n ẹ́ tán, mi ò nílò téèpù. Ó kù kí n mọ bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ọkàn gbogbo wọn sì balẹ̀. Màmá dìde, ó mú ife onígíláàsì kan sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga jù nínú yàrá. Ife ńlá ni, ó nípọn, ó sì ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e. Ó da tíì sí i, ooru ń rú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àlejò.

“Ife ọkọ mi nìyí. Láràárọ̀, òun ló máa ń po tíì fún mi, kì í ṣe èmi ni mò ń pò ó fún un. Tó bá ti pò ó tán, á fi ṣíbí lu ife yìí lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì ti inú yàrá dáhùn pé, ‘Mo ń bọ̀, olówó orí mi.’ Látìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó fẹnu kàn án àfi èmi. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ gbé e fún.”

Ọpẹ́ kún ọmọbìnrin náà nínú débi tí omi lé sí i lójú. Ó gba ife náà. Ṣùgbọ́n ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Kó tó mọ̀, èékánná rẹ̀ ti ta ife náà lẹ́nu.

*Kọ̀.*

Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí, láti ibi tí ọwọ́ ife náà ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ìdí rẹ̀. Ó rọra gbé ife náà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè mu ún nínú ife yìí. Ó ti sán.”

Màmá mú ife rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ojú tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti ìgbà èwe kò rí nǹkan kan.

“Ibo ló ti sán? Ojoojúmọ́ ni mò ń fi í mu tíì.” Ó sì gbé e lọ sẹ́nu láti fi hàn án.

“Màmá, rárá!” Ọmọbìnrin náà fò dìde, ó já ife náà gbà lọ́wọ́ àgbà obìnrin, ó sì da tíì inú rẹ̀ sínú bàsíà tó wà nílẹ̀. Ìgbà tó ṣe é tán ló tó rí ohun tó ṣe.

Màmá kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó gba ife náà padà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ẹni tó ń ta ife tuntun, kí ni ì bá sọ nípa ife àtijọ́? Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó já ife bàbá rẹ gbà mọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ni yóò já gbà lọ́jọ́ kejì? Sìn ín délé.”

Lọ́jọ́ kejì, Káfíńtà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé òòlù rẹ̀ lé orí pẹpẹ, ojú rẹ̀ sì ti wú.

“Olólùfẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Wá bẹ Màmá. Sọ pé ojú rẹ ló ṣì í. Ó parí.”

“Ṣé wọ́n ṣì ń fi ife yẹn mu tíì?”

“Láàárọ̀ yìí náà.”

“Gbígbóná?”

“Bí wọ́n ṣe ń mu ún nìyẹn.”

Ọmọbìnrin náà gbé aṣọ ìnufe sílẹ̀. “Mo máa bẹ̀ wọ́n pé mo já nǹkan gbà lọ́wọ́ wọn. Ìwà àìmọ̀kan ni mo hù, títí láé ni mo lè máa bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ife yẹn ò sán. Tí tíì híhó bá dà sí wọn láyà lọ́la, ẹnu wo ni n ó fi pè wọ́n ní ìyá?”

“Ṣé o fẹ́ kí n bá ìyá mi jà nítorí ife ni?”

“Mi ò ní kó o bá wọn jà. Mo ní kó o gbé e kúrò níwájú wọn.”

“Ife bàbá mi ni!”

“Mo mọ̀. Ìyá rẹ sì nìyẹn.”

Káfíńtà jáde láìdágbére, ó tilẹ̀ gbàgbé òòlù rẹ̀. Ìyàwó Ife mú un, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ káńtà. Lọ́jọ́ yẹn, kò ta ife kankan lẹ́nu. Ẹkún ló ń gbọ́, ẹkún ara rẹ̀ ni.

Ìfẹ́ ní ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ bí ẹnu bá tilẹ̀ kọ̀. Káfíńtà ò lè gbé ife bàbá rẹ̀ kúrò, kò sì lè fojú wo ìyá rẹ̀ kó máa mu tíì híhó nínú rẹ̀. Ló bá di ẹni tó ń jí ṣáájú Màmá, tó ń po tíì náà fúnra rẹ̀, tó sì ń bu omi tútù là á dáadáa kó tó dà á sínú ife náà. Màmá mu ún, ó fajú ro. Ó tún mu ún lọ́jọ́ mìíràn, ó tún fajú ro.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe tíì ilé yìí? Ó tutù bí omi òjò!”

“Ooru ń mú, Màmá.”

“Ooru wo? Òjò ló ń rọ̀ yẹn!” Màmá gbé ife sílẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi yẹjú. “Áà. O gbà á gbọ́.”

Káfíńtà kò lè purọ́ fún un. “Màmá, kò tíì tan ẹnikẹ́ni jẹ rí lójú mi.”

Nígbà tí òjò dá, Màmá wé ife ọkọ rẹ̀ sínú aṣọ, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó ní òun ń lọ já òǹtajà kan nírọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Ó ní tíì tútù ti sú òun.

Kò tíì wọlé tó fi gbọ́ ariwo. Oníbàárà kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó fẹ́ ṣí ilé tíì. Odidi páálí ife kan ló ń rà, ó sì ti ṣetán láti sanwó. Ìyàwó Ife yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

“Ẹnu eléyìí ti kán, mà. Mi ò ní òmíràn tó bá wọn jọ. Ẹ jẹ́ n yọ owó rẹ̀.”

“Máa dì í! Mo fẹ́ kó pé. Ta ni yóò rí i?”

“Ètè tó bá gé ló máa rí i, mà. Ẹ má bínú, mi ò lè tà á.”

Obìnrin náà pòṣé, ó fi gbogbo ọjà sílẹ̀, ó sì kọjá lára Màmá lẹ́nu ọ̀nà bí ìjì. Àǹtí káwọ́ lérí. “O tún ti lé oníbàárà ńlá lọ! Nítorí ẹnu ife kan!”

“Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹnu ọmọ ẹlòmíràn ni ife yẹn ń lọ.”

Gbogbo ohun tí Màmá ti kó sẹ́nu látilé wá, kò rí ọ̀kan sọ mọ́. Ó wọlé, ó tú aṣọ náà, ó sì gbé ife rẹ̀ sórí káńtà. Bí Ìyàwó Ife ṣe rí i, ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, ẹ dárí jì mí. Kò yẹ kí n já a gbà.”

“Kò yẹ. Ìyẹn ti lọ. Fi han èmi náà.”

“Ojú ò ní rí i dáadáa, mà. Etí ló máa gbọ́ ọ.” Ó gbé ife tuntun kan kalẹ̀, ó sì fi ṣíbí lé Màmá lọ́wọ́. “Ẹ rọra lù ú.”

Màmá lù ú. *Tín-ín.*

Obìnrin náà gbé orí sókè gánńgán bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ó tún un lù. *Tín-ín.* Lẹ́yìn náà ló mú ṣíbí lọ sára ife ọkọ rẹ̀. *Kọ̀.*

“Bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀ nìyẹn,” ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń nawọ́ sí tuntun. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ife rẹ̀ máa ń dún. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a sin ín, ife náà wà nínú omi tútù. Mo yọ ọ́, mo da omi híhó sí i. Mo gbọ́ ‘tẹ́’. Nígbà tí mo wá fi ṣíbí lù ú, kò dún mọ́. Mo ní ọkọ mi ti dágbére nìyẹn. Mo ní ó ti gbé ohùn náà lọ.” Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. “Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, èmi rò pé torí pé kò sí mọ́ ni.”

Ìyàwó Ife gbàgbé káńtà, ó gbàgbé ìtìjú, ó yí wá, ó sì dì mọ́ ọn. “Omi híhó ló ṣe é, Màmá. Bàbá ò gbé ohùn kankan lọ.”

“Èmi ni mo sán an.”

“Ẹ ò mọ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ta ló ń rántí omi?”

Àǹtí, tó ti fẹ́ bínú tẹ́lẹ̀, ń fi aṣọ ìnufe nu ojú ara rẹ̀ níkọ̀rọ̀.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Nígbà tí Màmá nu ojú tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ife inú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ga jù. Èyí wúwo jù. Èyí ń pariwo. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Ó dé orí ife kan tó nípọn, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Òun nìyí,” ló wí. “Òun gan-an nìyí.”

Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú. “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Ojú mi ò rí i, etí rẹ gbọ́ ọ. O yọ mí nínú ewu, mo bú ọ. Mo lé ọ, o ò torí ẹ̀ purọ́ fún mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. O ṣé, ọmọ mi. O ṣé gan-an. Ó yá, bá mi gbé ife yìí délé.”

Ẹ̀yìnkùlé ni Káfíńtà wà, ó ń fá pákó, eruku pákó bò ó lórí, nígbà tó gbọ́ ọ láti inú ilé: *tín-ín, tín-ín.* Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti kékeré ló ti mọ ohùn yẹn. Kò rò pé òun tún máa gbọ́ ọ láyé. Ó ju irinṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹnu lílà.

Ìyàwó Ife ló di ṣíbí lọ́wọ́. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń mu tíì, ooru sì ń rú bò ó lójú.

“Tíì ti délẹ̀,” ni Màmá wí. “Gbígbóná ni o. Bí o bá da omi tútù sí i, ilé yìí ò ní gbà wá.”

Káfíńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo olólùfẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo gbàgbé òòlù mi sí ṣọ́ọ̀bù yín.”

“Mo mọ̀. Mo bá ọ tọ́jú rẹ̀.”

“Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀. Mi ò sọ fún ọ pé mo gbà ọ́ gbọ́.”

“Tíì tútù ti bá ọ sọ ọ́. Màmá ti ròyìn gbogbo ẹ̀.”

Ó súnmọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ tòun ti ṣíbí inú rẹ̀. “Ẹyinjú mi, ṣé ààyè ṣì wà lórí pẹpẹ?”

“Ìwọ lo kàn án,” ni Ìyàwó Ife wí. “O mọ̀ pé ó gba èèyàn méjì.”

Màmá ló rán aṣọ ìgbéyàwó náà. Kò lo téèpù lóòótọ́, aṣọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Káfíńtà kan pẹpẹ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ máṣínì ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé ife bàbá sí. Omi ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Bọ́tìnì ló wà níbẹ̀ báyìí, pupa, funfun, dúdú, oòrùn sì ń gbà á kọjá láàárọ̀.

Lówùúrọ̀ tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó, Màmá ti jókòó sídìí máṣínì nígbà tó gbọ́ ìṣísẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú yàrá ìdáná. Ó gbọ́ bó ṣe fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ife. Ó gbọ́ bí ṣíbí ṣe wọlé, àti bí tíì ṣe tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì, *tín-ín, tín-ín.* Kò sẹ́ni tó kọ́ ìyàwó ní ìdáhùn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá, lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bàjẹ́. Síbẹ̀, ó ti inú yàrá dáhùn, oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀:

“Mo ń bọ̀, olówó orí mi.”

Màmá dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣínì. Ó na ọwọ́ sínú ife ọkọ rẹ̀, ó mú bọ́tìnì kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

“Ṣé o gbọ́ wọn?” ló bi ọkọ rẹ̀ tó ti lọ. “Mo dúpẹ́.”